Ọwọ́ Tí Ó Ń Pín Ohùn fún Ìlù: Dúró Ládiípọ̀ Gẹ́gẹ́ Bí Atolùtorin

Ìfáárà

Bí àwa olùkọ́ èdè Yorùbá bá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní eré-oníṣe, nǹkan mẹ́ta ni a máa ń tẹnu mọ́ jù: ìtàn inú eré náà, àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀, àti ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ́ wa. Bí àkókò bá ṣẹ́kù, a ó mẹ́nu ba òwe àti ọfọ̀. Nígbà tí ó bá kan orin àti ìlù, gbólóhùn kan péré ni a máa ń sọ: 'Orin àti ìlù mú kí eré náà dùn.' Àwọn ọmọ yóò kọ ọ́ sílẹ̀, a ó sì ṣí ojú ìwé mìíràn. Èrò tiwa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé gbólóhùn yẹn kò tó, àti pé òun ni ó jẹ́ kí a gbàgbé iṣẹ́ pàtàkì kan nínú eré orí ìtàgé wa. Iṣẹ́ náà ni ti ẹni tí ó ń pinnu èlò tí yóò dún, ìgbà tí yóò dún, ẹ̀dá-ìtàn tí yóò dún fún, àti ìgbà tí yóò dákẹ́.

Dúró Ládiípọ̀ ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí òṣèré tí ó di Ṣàngó lójú wọn, tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀ lórí ìtàgé. Wọ́n mọ̀ ọ́n sí òǹkọ̀wé eré pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀ lé iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a ó rí i pé ìlù àti orin ni ó kọ́kọ́ kó o sí wàhálà, òun náà ni ó sì sọ ọ́ di ẹni ńlá. A ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́. A ó wá wo bí Ládiípọ̀ ṣe dé ìdí rẹ̀, bí ó ṣe ṣe é nínú eré méjì, àti ibi tí ó kù díẹ̀ káàtó. Ní ìparí, a ó sọ ohun tí ojú wa rí nígbà tí a gbìyànjú láti ṣe eré rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní agbègbè Ajah.

Ta Ni Atolùtorin?

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí wọ́n bá fẹ́ ṣe eré olórin lórí ìtàgé, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin, ọ̀tọ̀ sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí yóò pín orin náà fún àwọn èlò. Ẹni àkọ́kọ́ lè mú orin wá bí ó ṣe fi dùùrù kan ṣoṣo kọ ọ́. Ẹni kejì ni yóò sọ pé kí fèrè gba ibí, kí èlò olókùn gba ọ̀hún, kí gbogbo wọn sì dákẹ́ níhìn-ín kí ohùn akọrin lè jáde. Robert Russell Bennett, ọmọ Amẹ́ríkà tí a bí ní 1894 tí ó sì kú ní 1981, ni ó ṣe iṣẹ́ yìí fún Show Boat ní 1927, fún Oklahoma! ní 1943, àti fún The Sound of Music nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sórí ìtàgé ní 1959. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mọ orúkọ àwọn eré wọ̀nyí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó mọ orúkọ Bennett. Àní ẹ̀bùn Tony, tí wọ́n ti ń fún àwọn eléré ní New York láti 1947, kò ní ti irú iṣẹ́ yìí títí di 1997. Bí wọ́n ṣe ń gbàgbé rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sanwó fún un nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Nígbà tí wọ́n gbé ìgbésí ayé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì sórí ìtàgé Broadway ní 2009, tí wọ́n pe eré náà ní Fela!, orin Fẹlá ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n orin tí a lè jó fún ìdajì wákàtí ní Ṣíráìnì kò lè wọ inú ìran oníṣẹ́jú mẹ́ta bí kò bá sí ẹni tí yóò tún un tò. Aaron Johnson ni wọ́n dárúkọ fún ẹ̀bùn Tony ti 2010 nítorí iṣẹ́ àtòpọ̀ yẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó gba ẹ̀bùn náà. Ní 2011, eré ọ̀hún wá sí Èkó, wọ́n ṣe é ní Eko Hotel ní Victoria Island, tí kò jìnnà sí wa rárá ní ìhà Lẹ́kì.

A ó máa pe ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ní 'atolùtorin', nítorí pé òun ni ó ń to ìlù tí ó sì ń to orin. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹnì kan ṣoṣo ni ó máa ń dé gbogbo fìlà náà. Hubert Ògúndé, tí ó ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Glover Hall ní Èkó ní 1944, ni òǹkọ̀wé, olórin, òṣèré àti ọ̀gá ẹgbẹ́. Inú ìjọ Aládùúrà ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ó mú fèrè sáfúsáfú àti àwọn èlò òyìnbó mìíràn wọ inú eré kí ó lè fa èrò ìlú ńlá. A kò bá a wí. Owó èrò ni ó fi ń bọ́ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀nà náà fi sílẹ̀ láìdáhùn: ǹjẹ́ èlò tí ń fa èrò wọlé náà ni ó tún lè sọ ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú eré?

Láti Inú Ìjọ dé Mbari Mbayo

A bí Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo ní 1931. Kátíkíìsì ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni òun pàápàá kọ́kọ́ ṣe, ó sì lo àkókò díẹ̀ ní Kàdúná kí ó tó padà sílé. Nítorí náà, ọ̀kan nínú wa ni.

Orin ìjọ ni ó kọ́kọ́ mọ̀, ẹni tí ó bá sì mọ orin ìjọ nígbà náà mọ ìṣòro rẹ̀. Ohùn òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Gbogbo wa mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í ṣe nǹkan kan náà. Bí ohùn orin bá ń gòkè nígbà tí ọ̀rọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, ohun tí akọrin wí ní ọkàn rẹ̀ kọ́ ni etí yóò gbọ́. T. K. E. Phillips, tí ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953, ti pariwo lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn olórin ìjọ bíi tirẹ̀ wá ọ̀nà láti ṣẹ̀dá ohùn tí kò ní ba ọ̀rọ̀ jẹ́.

Ọ̀nà tí Ládiípọ̀ gbà yàtọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó ṣe orin Àjíǹde fún ìjọ rẹ̀ ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù wọ inú rẹ̀. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Kí ni ìlù tí ń ki ọba, tí ń ki òrìṣà, ń wá nínú ilé Ọlọ́run? Lóde òní tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìjọ kan tí kò ní gángan, ìjà náà lè jọ eré lójú wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nídìí rẹ̀. Àwọn tí ó kọ̀ ọ́ mọ̀ pé ìlù kì í ṣe ariwo lásán. Wọ́n mọ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀, pé ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ ní ibi tí ó ti wá. Ní ti èyí, wọ́n gbọ́ ìlù yé ju àwa tí a ń sọ pé 'ó mú kí eré dùn' lọ.

Ìjà yìí ni ó lé orin rẹ̀ jáde kúrò nínú ìjọ. Ní oṣù Kẹta 1962, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, ó sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di Mbari Mbayo, ibi ìpàdé àwọn oníṣẹ́ ọnà. Ọba Mọ́rò ni wọ́n fi ṣí i. Ní ọdún kejì, 1963, ó gbé Ọba Kò So jáde. Ọba Wàjà tẹ̀ lé e ní 1964. Ní ọdún yẹn kan náà ni Ọba Kò So lọ sí Berlin ní Jámánì, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Láàárín ọdún mẹ́rin, ẹni tí wọ́n bá jà nítorí ìlù nínú ìjọ ti fi ìlù náà yí ayé po.

Ìlù Méjì nínú Ọba Kò So

Ìtàn Ọba Kò So kò ṣàjèjì sí olùkọ́ kankan. Ogun sú àwọn ará Ọ̀yọ́. Wọ́n fi ẹjọ́ Gbọ̀nńkáà àti Tìmì sun Ṣàngó. Ṣàngó rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ. Gbọ̀nńkáà lọ mú un bọ̀. Àwọn méjèèjì kojú ara wọn. Gbọ̀nńkáà borí, ó sì yíjú sí ọba. Ìbínú ọba pa àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n kọ̀ ọ́ sílẹ̀, Ọya náà sì lọ. Ohun tí ó kù ni igi, okùn, àti ariwo àwọn tí ó sọ pé ọba kò so.

Dùndún àti bàtá ni Ládiípọ̀ fi ṣe eré yìí, kì í ṣe fèrè òyìnbó. Bí a bá wo ìlù méjèèjì yìí fínnífínní, a ó rí ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀. Dùndún ní ọṣán tí onílù ń fún tí ó sì ń dẹ̀. Ó lè fa ohùn lọ sókè, ó lè fà á wálẹ̀, bí ọ̀fun ènìyàn gan-an. Ìlù ààfin àti ìlù ìgboro ni; tolórí tẹlẹ́mù ni ó ń kì. Bàtá kò ní irú ọṣán bẹ́ẹ̀. Ojú méjì tí kò dọ́gba ni ó ní, èyí ńlá àti èyí kékeré, onílù sì ń pín ọ̀rọ̀ sí ojú méjèèjì. Kì í fa ohùn, gígé ni ó ń gé e. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pè é ní akólòlò. Ẹni tí etí rẹ̀ kò bá mọ́ ọn lára kò lè tètè mọ ohun tí ó ń wí.

Bàtá ni ìlù Ṣàngó. Ládiípọ̀ kò dá èyí sílẹ̀. Bí ó ṣe bá a láyé ni. Iṣẹ́ atolùtorin tí ó ṣe ni pé ó gbé ìlù méjèèjì sórí ìtàgé kan náà, tí ó fi jẹ́ pé etí lè gbọ́ ìjà inú eré náà kí ojú tó rí i. Ọba tí kò lè kó ìbínú rẹ̀ níjàánu ní ìlù tí ń gé ọ̀rọ̀ bí àrá. Ìlú tí ń bẹ̀bẹ̀, tí ń rojọ́, tí ń kì, ní ìlù tí ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Nígbà tí Ṣàngó bá dá nìkan wà ní ìgbẹ̀yìn, kì í ṣe ènìyàn nìkan ni a fẹ́ mọ̀ bí ó kọ̀ ọ́ sílẹ̀. A fẹ́ mọ ohùn tí ó ṣẹ́kù fún un. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi àwọn ọmọ wa nínú ìdánwò nìyẹn.

Ohun mìíràn tún wà. Tìmì inú eré ni ọba Ẹdẹ àkọ́kọ́. Ní àsìkò tí Ládiípọ̀ ń ṣe eré yìí, Tìmì tí ó wà lórí oyè ní Ẹdẹ ni Ọba John Adétóyèsè Láoyè, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá nínú ìlù lílù, tí ó sì ti kọ àpilẹ̀kọ lórí àwọn ìlù Yorùbá sínú ìwé àtìgbàdégbà Odù ní 1959. Ẹdẹ kò jìnnà sí Òṣogbo. Àwọn tí ó wá wo eré náà ní Òṣogbo kì í ṣe aláìgbédè ìlù. Bí onílù bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ìgboro yóò gbọ́. Níwájú irú àwọn bẹ́ẹ̀, atolùtorin kò lè fi ìlù tan èrò jẹ.

Ohùn Àlejò nínú Mọremí

Bí ẹnì kan bá ṣì ń rò pé ó kàn bọ́ sí i ni, kí ó wo Mọremí, tí Ládiípọ̀ ṣe ní 1966. A mọ ìtàn náà: àwọn Ìgbò ń dà bo Ilé-Ifẹ̀, ìko ara wọn jẹ́ kí àwọn ará Ifẹ̀ rò pé ará ọ̀run ni wọ́n, Mọremí sì fi ara rẹ̀ jìn kí ó lè mọ àṣírí wọn. Báwo ni a ṣe lè mú kí èrò ìwòran gbà pé àlejò ni àwọn wọ̀nyí? Òmíràn ì bá fi aṣọ nìkan ṣe é. Ládiípọ̀ lọ mú àwọn oníjó láti Agbor, pẹ̀lú orin àti ijó tiwọn, ó sì fi wọ́n ṣe àwọn Ìgbò. Ohùn tí kò jọ ti ilé dé sórí ìtàgé, ẹ̀rù ará Ifẹ̀ sì di ohun tí èrò ìwòran lè fi etí ara wọn gbọ́.

Ní 2018, wọ́n tún gbé ìtàn Mọremí kan náà sórí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí eré olórin ní Terra Kulture ní Victoria Island. Inú wa dùn sí i, nítorí pé àwọn ọmọ wa ní Lẹ́kì lè lọ wo irú rẹ̀ láìrin ìrìn-àjò. Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n bá lọ ni etí tí ń béèrè: ìlù ta ni èyí? Kí ló dé tí ó fi dún níhìn-ín?

Ibi tí Ó Kù sí

Àyẹ̀wò tí ó bá jẹ́ ìyìn nìkan kì í ṣe àyẹ̀wò. Àléébù kan wà nínú iṣẹ́ Ládiípọ̀ tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Bennett kọ gbogbo ohun tí ó tò sórí ìwé. Ó kú ní 1981, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ èyíkéyìí lè gbé ìwé rẹ̀ kí wọ́n sì fi ṣe eré lónìí. Inú ọwọ́ àwọn onílù àti inú orí ara rẹ̀ ni Ládiípọ̀ kọ tirẹ̀ sí. Ó kú ní oṣù Kẹta 1978, kí ó tó pé ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Lóòótọ́, Ọba Kò So wà ní ìwé. Ilé-ẹ̀kọ́ nípa ìmọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1972. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí bí ìwé náà ṣe wáyé. R. G. Armstrong, Robert Awújoọlá àti Val Ọláyẹmí ni ó tẹ́tí sí ohùn tí R. Curt Wittig gbà sínú téèpù, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn ni ó bí ìwé, kì í ṣe ìwé ni ó bí ohùn. Ní kíláàsì, a ti yí i po: a fi ìwé ṣe òbí, a sì lé ohùn síta.

Ẹnì kan lè sọ pé kíkọ ìlù sílẹ̀ bí òyìnbó ti ń kọ orin kò bá ìṣe wa mu, àti pé onílù gbọ́dọ̀ ní àyè láti dá àrà. Òótọ́ wà níbẹ̀. Bí a bá de onílù mọ́lẹ̀ pátápátá, ohun tí ó mú un jẹ́ onílù yóò kú. Ṣùgbọ́n àyè láti dá àrà yàtọ̀ sí àìní ètò. Akin Euba, tí ó tẹ ìwé rẹ̀ lórí dùndún jáde ní 1990, fi hàn wá pé a lè kọ ìṣe àwọn onílù sílẹ̀ láìsọ ọ́ di òkú. Ohun tí a pàdánù lọ́dọ̀ Ládiípọ̀ ni ètò náà: ta ni ó ń wọlé, èwo ni ó ń dún, èwo ni ó ń dákẹ́.

Ohun tí Ojú Wa Rí ní Ajah

Ọ̀rọ̀ yìí kò dá lórí ìwé nìkan fún wa. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí ní agbègbè Ajah, a fẹ́ ṣe díẹ̀ nínú Ọba Kò So fún ayẹyẹ ìparí ọdún. Àwọn ọmọ náà wá láti Lángbàsà, Badore, Ṣàngótẹ̀dó, àti inú àwọn ẹ́sítéètì tí ó wà lójú ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í sọ Yorùbá nílé. Kò sí owó onílù, nítorí náà a ní kí ọmọ kan tí ń tẹ dùùrù ní ìjọ wọn máa tẹ̀ ẹ́ bí Ṣàngó bá ń wọlé. Ṣàngó wọlé, àwọn òbí sì bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ohun tí ọmọ tí ń ṣe Ṣàngó ṣe tí kò dára. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé, aṣọ rẹ̀ pupa. Ohùn tí ó tẹ̀ lé e wọlé ni ó sọ ọ́ di ọkọ ìyàwó tuntun. Àwa ni a jẹ̀bi.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, bàbá akẹ́kọ̀ọ́ wa kan, tí ó máa ń lu ìlù níbi àríyá ní Lẹ́kì, yọ̀ǹda ara rẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. A rò pé ìṣòro tán. Nígbà tí ó dé, ó bi wá léèrè pé, 'Tíṣà, ta ni yóò sọ̀rọ̀, èmi ni àbí àwọn ọmọ?' A dá a lóhùn pé, 'Gbogbo yín ni, bàbá.' Ìdáhùn òpè ni. Ní ọjọ́ eré, ìlù bo ohùn àwọn ọmọ mọ́lẹ̀. Ibi tí Gbọ̀nńkáà ti ń pe ọfọ̀ sí Tìmì, bàbá wa tajú kán rí àlejò pàtàkì kan tí ó wọ agbádá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Àlejò dìde, ó ń náwó. Gbọ̀nńkáà dúró, ó ń wò ó.

Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ Dúró Ládiípọ̀ tó yé wa. Ní ọdún àkọ́kọ́, a kò ní ìlù. Ní ọdún kejì, a ní ìlù, a kò ní atolùtorin. Onílù náà kò ṣẹ̀. Ó bi wá ní ìbéèrè tí atolùtorin gbọ́dọ̀ dáhùn, a kò sì rí i dáhùn. Ní ọdún kẹta, a jókòó tì í pẹ̀lú ìwé eré. A fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, a sì kọ ọ́ síbẹ̀: ìlù níhìn-ín, ìdákẹ́ níhìn-ín, onílù sọ orúkọ ọba níhìn-ín kí ọmọ tó yanu. Eré náà kò tó ti Òṣogbo, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín nígbà tí Ṣàngó wọlé. Nígbà tí ó parí, ọmọbìnrin kan tí kò fẹ́ràn iṣẹ́ Yorùbá rárá wá bá wa, ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ìlù yẹn ń sọ?' Ó ti pẹ́ tí a ti ń kọ́ni kí a tó gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́.

Ìgúnlẹ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé iṣẹ́ atolùtorin ni ó so gbogbo ìgbésí ayé Dúró Ládiípọ̀ pọ̀, láti orin Àjíǹde tí ó dá ìjà sílẹ̀ títí dé Mọremí tí ó gba ohùn àlejò láyè. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó mọ ìlù tí ó ni ọ̀rọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò kọ ọgbọ́n náà sílẹ̀ fún wa.

Àwa olùkọ́ kò lè jí òkú, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta wà níkàáwọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a máa jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ eré kí wọ́n tó kà á, nítorí pé a lè rí ohùn Ọba Kò So tí a gbà sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìbéèrè lórí ìlù wọ inú ìdánwò wa, kì í ṣe 'Dárúkọ ìlù mẹ́rin', bí kò ṣe 'Kí ló dé tí ìlù yìí fi wà níhìn-ín?' Ẹ jẹ́ kí a sì jókòó ti àwọn onílù tí ó ṣẹ́kù ní agbègbè kálukú wa, kí a kọ ètò wọn sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé. Wọ́n wà nítòsí. Wọ́n wà níbi àríyá ní Lẹ́kì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, tí wọ́n ń ki àwọn tí kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Bí a kò bá tètè lọ bá wọn, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ yóò béèrè ohun tí ìlù ń sọ, tí kò ní sí ẹni tí yóò dá a lóhùn.